Màmá Lotto Tó Gba Iṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi Lọ́wọ́ Ọmọ Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí Màmá Lotto bá òun jà kó kàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú "wọ́n ní". Bí o bá sọ pé, "Màmá, wọ́n ní iná máa wá lónìí," á gbé ojú sókè kúrò lára ohun tó ń ṣe, á wò ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Ta ni 'wọ́n'? Ṣé ìyá rẹ̀ ò sọ ọ́ lórúkọ ni?" Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé èmi ló ń bínú sí. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn "wọ́n" yẹn gan-an ló ń wá kiri, ó sì rí díẹ̀ mú nínú wọn kó tó lọ.

Torí èyí, ẹ̀yin àgbà tó máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fiyè dénú. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í pe ìyá bàbá rẹ̀ ní "ó". Ṣùgbọ́n bí mo bá pe Màmá ní "wọ́n" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ á dàrú, òun náà ò sì ní gbà. Òun àti bàbá mi, "ó" ni màá pè wọ́n níbí. Mo ti kúnlẹ̀ ná kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Alhaja Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀. Gbogbo Lotto ní Mowe mọ̀ ọ́n sí Ìyá Onípákó, àwa ọmọ-ọmọ ló ń pè é ní Màmá Lotto. Lọ́jọ́ tó kú, ó kírun àárọ̀ tán, ó ní kí n bá òun po ògì. Nígbà tí mo fi máa gbé ògì dé, ó ti sun oorun tí a kì í jí ẹnìkan nínú rẹ̀. A sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mi ò ní ka ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, torí òun fúnra rẹ̀ ò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, kò sì fẹ́ràn ẹni tó ń méfò. Irú ẹni tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ.

Pákó ló ń tà. Ìsọ̀ rẹ̀ wà létí márosẹ̀, níbi tí ariwo mọ́tò kì í ti í sinmi, síbẹ̀ Màmá lè gbọ́ ohùn pákó láàárín ariwo yẹn. Á fi ìka kan pákó, á dẹtí sí i, á ní, "Eléyìí ti gbẹ," tàbí kó ní, "Ẹ gbé e padà sínú oòrùn." Nígbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ibafo wá ra pákó òrùlé. Ó ń kánjú, ó sì fẹ́ kó èyí tó ṣì tútù. Màmá ní òun ò tà á. Ọkùnrin náà rò pé ó fẹ́ kí òun fowó lé e ni, ló bá ń fowó lé e. Màmá gbé àga rẹ̀ síwájú pákó náà, ó jókòó, ó sì ká apá mọ́ àyà.

"Lọ rà á níbòmíràn bí ọkàn rẹ bá gbà á," ló wí. "Ní tèmi o, mi ò ní fi igi tútù bo orí ọmọ ọlọ́mọ."

Kò rọrùn láti bá gbé. Mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì títí mo fi dé yunifásítì ní Ibogun, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń wí. Ó máa ń bá rédíò jà láràárọ̀. Bí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá ní ìjọba ti parí ọ̀nà, á ní, "Èwo nínú ọ̀nà?" á sì dúró bí ẹni pé ọmọkùnrin ọ̀hún máa dáhùn. Dókítà ní kó jáwọ́ nínú ṣúgà. Màmá ṣèlérí fún dókítà pé òun ò ní jẹ ṣúgà lójú rẹ̀ mọ́ láéláé, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Bó bá ṣẹ̀ ọ́, kò mọ bí a ti ń sọ pé má bínú. Ẹran inú ọbẹ̀ rẹ ló kàn máa pọ̀ sí i lọ́jọ́ náà, kí o yáa mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ nìyẹn.

Àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa tilẹ̀ ti rí irú ìwà rẹ̀ yìí rí. Nígbà tí olórí wọn kó lọ sí Abẹ́òkúta, gbogbo wọn wá sílé, wọ́n ní Alhaja ni kó jẹ olórí. Inú mi dùn. Màmá ní òun ò jẹ ẹ́ àfi bí ẹlòmíràn bá jáde láti bá òun du ipò náà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Ni ìyàwó onímọ́tò kan bá jáde, wọ́n dìbò, obìnrin náà sì fẹ̀yìn Màmá gbolẹ̀. Ó fajú ro fún ọjọ́ mélòó kan, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu kàn án. Nígbà tó yá, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó dùn mí o, Àjọkẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ."

Ọ̀rọ̀ igi ló gbé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ dé iwájú ìjọba. Àwọn agégi ti gé igbó tán ní agbègbè wa, ọ̀nà jíjìn ni pákó ti ń wá, ó sì ti wọ́n gógó. Ìjọba wá kéde owó ìrànwọ́ fún ẹni tó bá máa gbin igi sórí ilẹ̀ kan lọ́nà Ibogun. Wọ́n tún yan ìgbìmọ̀ aráàlú tí yóò máa fojú sí ètò náà, àti sí ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba fẹ́ gbé sórí odò Ògùn. Àwọn onípákó ní àfi Ìyá Onípákó ló lè ṣojú àwọn. Ọ̀gá tí ọ́fíìsì ìjọba rán sí ìgbìmọ̀ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù, ẹlẹ́rìn-ín músẹ́, tó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí Màmá tọkàntara.

Ní ìpàdé wọn àkọ́kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù ní, "Ẹ̀yin àgbà, inú wa dùn láti sọ pé wọ́n ti gbin àwọn igi náà tán."

Ẹ ti mọ ìbéèrè tí Màmá bi í. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní, "Ó dáa. Ẹ mú wa lọ wò ó."

Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù ní òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Màmá háyà bọ́ọ̀sì, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá kó wọlé. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, torí èmi ni mo mọ ọ̀nà Ibogun jù. Nígbà tí a débẹ̀, koríko la bá àti ewúrẹ́, pẹ̀lú pátákó ńlá aláwọ̀ ewéko kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ìjọba sí. Obìnrin kan ń ro ẹ̀gẹ́ nítòsí. A kí i, a bi í léèrè igi. Ó ní, "Igi kẹ̀? Wọ́n gbé pátákó yẹn wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ." Màmá yí pátákó náà po, ó fọwọ́ kàn án, ó fi ìka kàn án bó ti máa ń kan pákó nísọ̀.

Ó ní, "Pátákó yìí dára. Àmọ́ kò léwé."

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìpàdé tí Màmá ò ti béèrè pé, "Igi dà?" Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àga, ó ń béèrè igi. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà ìparí, á ní kí wọ́n dúró ná, igi dà? Àwọn mìíràn nínú ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a béèrè.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa á mọ̀ pé odò Ògùn ló pín wa níyà. Mowe àti Ibafo wà níhìn-ín, Ifọ̀ àti Ibogun wà lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá, yálà kó wọ ọkọ̀ àwọn atukọ̀ tàbí kó yí gba ìhà Èkó, kó lọ há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajuwọn. Nígbà òjò kan, ọkọ̀ àwọn oníṣòwò dojú dé láàárín odò. Àwọn atukọ̀ yọ gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n omi gbé ọjà lọ. Ìyẹn ni ìjọba fi gbà láti wá agbaṣẹ́ṣe tí yóò ra ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, tí yóò sì máa fi kó èèyàn kọjá. Òfin ni pé kí wọ́n kéde irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ẹni tó bá lè ṣe é jáde, kí wọ́n sì mú ẹni tó dáńgájíá jù.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, bàbá mi wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Kàmọ́rù ni Màmá ń pè é, òun ni àkọ́bí rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ni bàbá mi: ó ti kọ́ gọ́tà, ó ti mọ ògiri ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Màmá, ẹ bá mi dúpẹ́. Mo ti rí iṣẹ́ ńlá gbà."

"Alhamdulilahi! Iṣẹ́ kí ni?"

"Ọkọ̀ ojú omi ti odò Ògùn."

Ẹ̀wà ni Màmá ń ṣà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo. "Kàmọ́rù, ìgbà wo lo di ọlọ́kọ̀ ojú omi? Ìwọ tí o ò mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á gba àwọn tó mọ̀ ọ́n.

"Ta lẹ jọ du ú?"

"A ò du ú, Màmá. Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù ló pè mí, ó ní òun mọ̀ pé ọmọ yín ni mí."

Mo wo Màmá, ó wò mí. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ojú mi báyìí ni Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù ṣe wá sí ìsọ̀ pákó, tó ní, "Alhaja, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ igi yẹn sinmi wàyí. Inú ilé yín náà máa rí ìbùkún láìpẹ́." Ọ̀rọ̀ náà kò yé wa nígbà yẹn, a ṣe àmín.

"Kàmọ́rù," Màmá wí, "lọ dá a padà."

Bàbá mi kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Nígbà tó rí ojú ìyá rẹ̀, ó dìde. "Màmá, báyìí ni gbogbo ayé ń ṣe é o."

"Gbogbo ayé kọ́ ni mo bí. Ìwọ ni mo bí."

"Ọmọ àwọn ẹlòmíràn ń gbà, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Mo ti lé iṣẹ́ ńlá kiri láti ìgbà tí Àjọkẹ́ yìí ti wà nílé jẹ́léósinmi. Ṣé torí pé ẹ̀yin ni ìyá mi, kí n má là?" Mi ò gbọ́ kí bàbá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀. "Mo fẹ́ kí o là. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ Ọlọ́run sí i. Ṣùgbọ́n wọn ò fún ọ níṣẹ́, ọmọ mi. Ẹnu mi ni wọ́n fẹ́ rà, ìwọ ni wọ́n fi ṣe owó rẹ̀."

Bàbá mi jáde láìjẹun. Nírọ̀lẹ́, mo bi Màmá bóyá kò kàn lè fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà. Ó ní òun ti rò ó. Ó ní òun ti rò ó títí orí fi ń fọ́ òun.

"Bí mo bá kúrò níbẹ̀," ló wí, "ìyẹn náà ni pé mo ti gba owó ẹnu mi."

Ó tún ránṣẹ́ sí bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìpàdé aráàlú tí wọ́n ti máa fi agbaṣẹ́ṣe náà hàn tó pé, pé kó fúnra rẹ̀ dá iṣẹ́ náà padà, kó má jẹ́ kí òun sọ ọ́ níta. Bàbá mi ò wá.

Gbọ̀ngàn ìlú ní Ibafo kún lọ́jọ́ náà. Àwọn atukọ̀ wá láti etí odò, àwọn oníṣòwò wá, àwọn ará Ifọ̀ náà kọjá wá. Bàbá mi jókòó síwájú nínú aṣọ funfun. Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù pe orúkọ rẹ̀ pé òun ni ìjọba gbé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀ ni Màmá dìde, ó di ẹ̀yìn àga tó wà níwájú rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "ẹni tí ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ yìí, ọmọ mi ni. Èmi ni mo bí i, ó sì ń tọ́jú mi dáadáa. Torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kó jẹ́ èmi ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́. Ta ló tún gbọ́ pé iṣẹ́ yìí wà, tó ráàyè du ú? Kó nawọ́ sókè."

Ẹnikẹ́ni ò nawọ́. Ìgè, olórí àwọn atukọ̀, dìde. "Alhaja, ẹ kú ọ̀rọ̀. Orí omi yìí ni wọ́n bí wa sí. Àwa la yọ àwọn tó fẹ́ rì lọ́jọ́sí. A ò gbọ́ o."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù. "Alhaja, ṣé ọmọ yín lẹ fẹ́ dójú tì níta báyìí?"

"Ojú tó fẹ́ ti ọmọ mi, ojú tèmi náà ni," Màmá dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ wá sí ìsọ̀ mi, tí ẹ ní kí ọ̀rọ̀ igi sinmi torí pé inú ilé mi máa rí ìbùkún. Ìbùkún náà rèé. Ẹ gbà á padà. Ẹ kéde iṣẹ́ náà fún tọmọdé tàgbà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kẹ́ ẹ gbé e fún. Kẹ́ ẹ sì fi igi hàn wá."

Gbọ̀ngàn náà dà rú. Àwọn atukọ̀ ń hó yè, obìnrin kan lẹ́yìn mi ń sọ pé irú ìyá wo rèé. Bàbá mi dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá láìwò ó, ó jáde. Ẹ̀gbẹ́ Màmá ni mo jókòó sí. Màmá ń wo ẹnu ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà jáde. Kò jókòó títí alága ìgbìmọ̀ fi ní iṣẹ́ náà dúró ná. Nígbà tí a ń lọ sílé nínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ.

"Ó wọ funfun," ló wí. "Funfun máa ń yẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dé òkè. Wọ́n gba iṣẹ́ náà padà, wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, nínú ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ní Mowe àti Ibafo títí dé Ifọ̀. Àwọn tó fẹ́ ẹ jáde síwájú gbogbo èèyàn, ẹgbẹ́ atukọ̀ Ìgè àti ọkùnrin kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n jọ pawọ́ pọ̀, ló sì gbégbá orókè. Wọ́n ní kí bàbá mi náà wá du ú, inú tó ń bí i kò jẹ́ kó dá wọn lóhùn. Ní ti Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì mìíràn. Ayọ̀ tí gbogbo èèyàn ń yọ̀ sí ìyẹn kò kan Màmá. Ó ní, "Mi ò ní kí ẹ gbé èèyàn. Igi ni mo ní kí ẹ gbé wá." Nígbà tó yá, díẹ̀ nínú àwọn tó gba owó ìrànwọ́ sáré lọ gbin igi, apá kan ilẹ̀ Ibogun sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú dùdù. Apá kejì ṣófo.

Bàbá mi ò yà sí Lotto mọ́. Àwọn àna rẹ̀ wá fẹjọ́ sun Màmá, àwọn ẹbí wá bá a wí pé ó ti tú àṣírí ilé síta. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò jiyàn. Iléyá dé, ó gé itan àgbò tó jẹ́ ti àkọ́bí rẹ̀, ó yan án gbẹ, ó fi pamọ́. Iléyá mìíràn tún fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá mi ṣàdédé yọ sí wa. Iṣẹ́ kan ló gbé e dé Ifọ̀, kò sì fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lọ́nà, ló bá wọ ọkọ̀ Ìgè. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé láàárín odò, ìjì dé lójijì, ọkọ̀ ń mì, àwọn ìyá ń ké. Àwọn atukọ̀ ò pariwo. Ọ̀kan ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èkejì ń darí ọkọ̀ síbi tí omi ti rọ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀. Bàbá mi ní, "Ká ní tèmi ni, Àjọkẹ́, à bá ti rì." Ṣùgbọ́n kò sọ ìyẹn fún ìyá rẹ̀. Ó kàn wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì dìde bọ̀rọ̀. Màmá wò ó títí.

"Dìde, kí o wá jẹun," ló wí. "Ẹran rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di igi."

Wọn ò sọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà mọ́ títí Màmá fi kú. Ṣùgbọ́n bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ du iṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti kéde rẹ̀. Ó pàdánù púpọ̀, ó rí díẹ̀ gbà. Bó bá ti rí ọ̀kan, Lotto ló kọ́kọ́ ń bọ̀, á ka orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ du ú fún ìyá rẹ̀ bí ẹni ń ki oríkì.

Ní ọjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀, àgbàlá wa kún. Ìjọba rán ọ̀gá kan wá bá wa kẹ́dùn. Ó gbóríyìn fún Màmá dáadáa, ó ní ìjọba ń gbèrò láti fi orúkọ Alhaja pe ọkọ̀ ojú omi náà. Àwọn èèyàn ń ṣe àmín, àwọn míì ń pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ní kí wọ́n gbé máìkì fún òun.

"A dúpẹ́ o, ọ̀gá," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìyá wa ò béèrè orúkọ lọ́wọ́ yín. Apá ilẹ̀ Ibogun tó ṣófo, ìgbà wo lẹ máa gbin igi sí i?"

Ọkùnrin náà ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pàdé létí odò láàárọ̀ ọ̀la, ká jọ lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀gá náà wo Alfa, Alfa wo ilẹ̀. Ni ọ̀gá náà bá ní òun máa wá.

Mo rò pé kò ní wá, ṣùgbọ́n ó wá. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn sórí omi, àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn ìyá ọlọ́jà ti tò sí èbúté. Ìgè ń gba owó ọkọ̀. Ó gbà lọ́wọ́ bàbá mi, ó gbà lọ́wọ́ mi, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀gá náà. Ọkùnrin náà wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo odò. Ló bá ki ọwọ́ bọ àpò, ó san tirẹ̀, ó sì bọ́ sínú ọkọ̀ bíi ti gbogbo èèyàn.